Àbúrò mi ń fi àwẹ̀ àti àdúrà òru pa ara rẹ̀: báwo ni oore-ọ̀fẹ́ ṣe ń mú ènìyàn dàgbà?

Aláṣọ Balógun

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ lójú ọ̀nà yìí.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Abúlé-Ẹ̀gbá. Ọmọ dáadáa ni, ó sì fẹ́ràn Olúwa tọkàntọkàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìsọjí kan ní ìjọ wa ló ti pinnu pé òun gbọ́dọ̀ dàgbà nínú ẹ̀mí. Aago méjìlá òru, ó ti wà lórí eékún. Aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ti ń wẹ̀ kó lè bá mi wọ danfó kí ọ̀nà tó dí. Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, àwẹ̀ gbígbẹ. Orí Bíbélì márùn-ún lójúmọ́. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ọ̀kankan wọn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ìwé kékeré kan tó máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó kọ àwọn ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ ohun tó yẹ kó ṣe sókè. Èyí tó bá ṣe, á fi báírò búlúù sàmì sí i. Èyí tó bá pa jẹ, pupa. Bí oorun bá gbé e lọ lóru ọjọ́ kan, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi ṣú, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gidi, á ní Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí òun. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí a wá síbi oúnjẹ Olúwa, mo dìde, òun ò dìde. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó mi orí. Ìgbà tí a délé ló ṣí ìwé yẹn hàn mí: pupa ti pọ̀ ju búlúù lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò yẹ.

Kí ni kí n wí fún un? Bí mo bá ní kó dín in kù, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ paná ohun tí Ọlọ́run dá sí i lọ́kàn. Bí mo bá sì dákẹ́, ó ń rù lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Fàájì

Ọmọ mi, Olúwa á dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n ti ibi oúnjẹ Olúwa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù nínú ohun tí o kọ.

Ẹsẹ tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní 1 Kọ́ríńtì 11. Ẹsẹ 28 ní kí ènìyàn wádìí ara rẹ̀, kí ó sì jẹ nínú àkàrà náà, kí ó sì mu nínú ago náà. Ẹ kà á dáadáa. Ìwádìí náà kò parí sí pé kéèyàn jókòó sáyè rẹ̀. Jíjẹ àti mímu ló parí sí. Ẹ wá padà sí ẹsẹ 21 àti 22, kí ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lé lórí. Àwọn kan ń jẹun tiwọn ṣáájú láìdúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ń mutí yó, ebi ń pa àwọn tí kò ní, ojú sì ń tì wọ́n láàárín ìjọ. Ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ni wọ́n ń hù nídìí oúnjẹ Olúwa. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí a ti ní ẹni tí kò jí àdúrà òru kò gbọdọ̀ wá.

Àbúrò rẹ tó mọ̀ pé òun ò yẹ, òun gan-an ni wọ́n tẹ́ tábìlì yẹn fún. Àwọn wo ni Jésù bá jẹun nígbà tó wà láyé? Agbowó òde àti ẹlẹ́ṣẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ bu àkàrà yẹn, Pétérù wà níbẹ̀, Jésù sì mọ̀ pé kí àkùkọ tó kọ, á ti sẹ́ òun. Kò ní kó dìde kúrò.

Ọ̀rọ̀ mi kejì: jẹ́ kó ka ìwé Gálátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìjókòó kan, orí mẹ́fà péré ni. Àwọn ará Gálátíà kò fi Kristi sílẹ̀ lọ bọ òrìṣà. Ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti pa láṣẹ nígbà kan rí ni wọ́n fẹ́ fi kún ìgbàgbọ́ wọn: ìkọlà, àti pípa ọjọ́ àti oṣù mọ́. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe wọn fi ṣòro rí, torí ohun rere ni lójú. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù bi wọ́n ní orí 3 ẹsẹ 3 pé, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nípa Ẹ̀mí, ṣé nípa ti ara lẹ wá fẹ́ parí ẹ̀ ni? Púpọ̀ nínú wa gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là, a wá ń ṣe bí ẹni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ó kù sọ́wọ́ wa. Kò kù sọ́wọ́ wa. Fílípì 1:6 ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere náà nínú wa ni yóò ṣe é dé òpin.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Àǹtí Aláṣọ, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò. Ìwé tí ẹ sọ yẹn, àwa ọlọ́jà mọ̀ ọ́n. Káàdì àjọ ni. Lójoojúmọ́ alájọ á yọ, ẹ ó sanwó, á sàmì sí káàdì yín. Tí oṣù bá parí, ẹ ó kó iye tí ẹ dá, alájọ á yọ ti ọjọ́ kan tirẹ̀. Ẹni tí kò dá, kò ní rí nǹkan kó. Ní Ṣómólú wa níbí ni alájọ tí gbogbo Yorùbá fi ń pa òwe ti ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Irú Ọlọ́run tí àbúrò yín rò pé òun ń sìn nìyẹn: Ọlọ́run tó ń ka òru tó fi jí, tó máa wọ̀n ọ́n fún un bó ṣe dá a, tí kò sì ní gbàgbé ọjọ́ tó fi sùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tó máa rí nǹkan kó? Ohun tí Jésù dá fún wa la ń kó, a ò dá kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Sáàmù 130 ẹsẹ 3 bi Olúwa léèrè pé bí ó bá ń sàmì ẹ̀ṣẹ̀, ta ni yóò dúró? Ẹsẹ 4 sì ní ìdáríjì ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kó kọ ẹsẹ méjèèjì yẹn sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, kó máa kà á kó tó mú báírò èyíkéyìí.

Akọrin Yábàá

Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi o. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí, àmọ́ ohun tí mo ń fojú mi rí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́ yìí ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́ nílùú Èkó. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ àdúrà, wọ́n á ní oore-ọ̀fẹ́ ló ń gbé àwọn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ àgbèrè, oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n ń gba rìbá níbi iṣẹ́, lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n á gbé ọwọ́ sókè ju gbogbo wa lọ. Ọmọ tó ń jí gbàdúrà lóru ní irú àkókò yìí, ṣebí kí a máa dúpẹ́ ni.

Jésù kò ní "bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀". Ní Mátíù 6:16, "nígbà tí ẹ bá ń gbààwẹ̀" ló wí. Pọ́ọ̀lù náà ní 1 Kọ́ríńtì 9:27 ní òun ń kó ara òun níjàánu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ yẹn pé kó dẹwọ́.

Olùkọ́ Èbúté-Mẹ́ta

Akọrin, ìbẹ̀rù rẹ kì í ṣe tuntun, o sì jàre láti sọ ọ́. Wọ́n bi Pọ́ọ̀lù náà ní Róòmù 6: ṣé kí a máa dẹ́ṣẹ̀ lọ kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀ sí i? Ó ní kí a má rí i. Títù 2:11 àti 12 tún sọ ọ́ yanjú: oore-ọ̀fẹ́ tó mú ìgbàlà wá, òun náà ló ń kọ́ wa láti kọ àìwà-bí-Ọlọ́run sílẹ̀. Ẹni tó ń gba rìbá tó ní oore-ọ̀fẹ́ ló ń gbé òun, kò tíì jẹ́ kí oore-ọ̀fẹ́ kọ́ òun ní nǹkan kan. Ìyẹn, a gbọ́dọ̀ bá a wí. Àmọ́ àbúrò Aláṣọ kò sí lára wọn. Èmi ò rò pé ó yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ọlẹ bá ẹni tó ti rẹ̀ wí. Ọmọ náà ti dẹ́bi fún ara rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo Fílípì 2. Ẹsẹ 12 ní kí a máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà wa yọrí pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìwárìrì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti máa ń dúró. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Ẹsẹ 13 ní torí pé Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú yín, láti fẹ́ àti láti ṣe é. Kì í ṣe ṣíṣe nìkan. Àní fífẹ́ tí àbúrò yẹn fẹ́ dàgbà, Ọlọ́run ló fi sí i lọ́kàn. Bí ó bá mọ èyí, bó ṣe ń jí lóru á di ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí, kò ní jẹ́ ohun tó fi ń ra ojúrere mọ́.

Ìtàn kan wà tó yẹ kó gbọ́. Ẹ̀yin ará Mẹ́tọ́díìsì á ti mọ̀ ọ́n. John Wesley, kó tó di pé ó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, gbìyànjú ju àbúrò yìí lọ. Ní Yunifásítì Oxford, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, wọ́n ń ṣètò wákàtí wọn débi pé àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Òun náà ní ìwé tó fi ń kọ bó ṣe lo àkókò rẹ̀. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà ní 1735 láti lọ wàásù, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1738 pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀. Àlùfáà ni o, kì í ṣe kèfèrí. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó lọ sí ìpàdé kan ní Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, kò tilẹ̀ fẹ́ lọ. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther, olùkọ́ Bíbélì ará Jámánì, kọ sí ìwé Róòmù. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé Kristi nìkan ni òun gbẹ́kẹ̀ lé fún ìgbàlà, pé ó ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ, àní tòun. Luther tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn náà ti jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn (mọ́ńkì) láti 1505, tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún wákàtí gígùn tí ọkàn rẹ̀ kò sì rí ìsinmi, títí Róòmù 1:17 fi yé e.

Akọrin, ibi tí mo fẹ́ kí o kíyè sí nìyí. Wesley kò pa àdúrà tì lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò pa àwẹ̀ tì. Ó gun ẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wàásù títí ó fi darúgbó. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i ni. Ó sì kọ́ àwọn ènìyàn pé àdúrà, Bíbélì kíkà àti oúnjẹ Olúwa jẹ́ ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà fún wa ní oore-ọ̀fẹ́, pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà tí àbúrò yẹn ń gbà náà nìyẹn, ó kàn rò pé owó ló ń san níbẹ̀ ni.

Ìwé Róòmù yìí wà lọ́wọ́ wa lédè wa. Ní 1850 ni a ti tẹ èyí tí Àjàyí Crowther túmọ̀, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí Bíbélì Yorùbá lódindi tó jáde ní 1884. Kí àbúrò Aláṣọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ kà á, orí 5 sí orí 8. Kó má fi kún àmì tó ń sà o. Kí wọ́n kàn jókòó kà á lọ́sàn-án Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan.

Onípáàtì Ládípò

Olùkọ́, ẹ kú àlàyé, ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ò yé mi. Èèyàn méjì jí lóru, àwọn méjèèjì gbàdúrà wákàtí kan. Ẹ ní ọ̀kan ń fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe é, èkejì ń fi agbára ara rẹ̀ ṣe é. Báwo lèmi á ṣe mọ èyí tí mo jẹ́? Iṣẹ́ kan náà ni lójú.

Olùkọ́ Èbúté-Mẹ́ta

Ìbéèrè rẹ dára gan-an. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn, òótọ́ ni. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí o kò lè ṣe é. Ṣé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lo ń sá lọ ni àbí o ń sá fún un? Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Kristi, ọjọ́ tó bá ṣubú ló tún ń wá a jù, torí Hébérù 4:16 ní kí a wá síbi ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ìgboyà, kí a lè rí àánú gbà. Ẹni tí kò ní àìní kankan, kí ló fẹ́ fi àánú ṣe?

Lẹ́yìn náà, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣe é dáadáa. Ìyẹn ṣòro jù. Ka Lúùkù 18 láti ẹsẹ 9. Farisí yẹn ń gbààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń san ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tó ní, ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun rí bí òun ṣe rí. Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti wà lára agbowó òde tó dúró lókèèrè, ó ń fi í wé ara rẹ̀. Agbowó òde kò lè gbójú sókè, ó ń lu àyà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú fún òun ẹlẹ́ṣẹ̀. Òun ló lọ sílé ní ìdáláre.

Pọ́ọ̀lù fi bó ṣe yẹ kó rí hàn ní 1 Kọ́ríńtì 15:10. Ó ní òun ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwọn àpọ́sítélì yòókù lọ. Kò fi í pamọ́. Ó wá ní kì í ṣe òun, bí kò ṣe oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tó wà pẹ̀lú òun.

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ara, torí ẹ̀yin oníwàásù máa ń fò ó. Ọmọ tó jí láago méjìlá, tó sùn bóyá láago méjì, tó tún dìde láago mẹ́rin ààbọ̀, tó wá jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Abúlé-Ẹ̀gbá dé Ìsàlẹ̀ Èkó láìmu omi nínú ooru. Ara á rẹ̀ ẹ́, orí á fọ́ ọ, inú rẹ̀ á máa bàjẹ́ kíákíá. Nígbà tó bá sì rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa dà bí ìdájọ́ létí rẹ̀. Àìsùn wà nínú ìbànújẹ́ rẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nìkan.

Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà sá dé aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí, kò sì ní kó gbààwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, àkàrà tí a yan lórí ẹyín iná wà ní ìrọ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jẹun, torí ọ̀nà náà pọ̀ fún un. Ìgbà tó jẹun tán tó sinmi ló tó rìn dé Hórébù níbi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Sáàmù 127:2 náà ní asán ni fún wa láti máa jí ní kùtùkùtù kí a sì máa pẹ́ kí a tó sùn, torí Olúwa ń fi orun fún olùfẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: kó gbàdúrà kó tó sùn, kó sùn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú danfó, kó fi etí gbọ́ Bíbélì lórí fóònù. Kó mu omi lọ́jọ́ àwẹ̀. Bí ó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó bá lóyún lọ́jọ́ iwájú, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbààwẹ̀ rárá. Ọlọ́run kò ní bínú sí i.

Akọrin Yábàá

Olùkọ́, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Farisí yẹn gbá mi mú, torí mo ti ka ibẹ̀ ní àìmọye ìgbà, n kò kíyè sí i pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀ mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí a má fi ẹ̀kọ́ yìí ṣeré láàárín àwọn ọ̀dọ́. Kí a máa ka Títù 2 pa pọ̀ mọ́ Éfésù 2. Éfésù 2 pàápàá kò dúró ní ẹsẹ 8 àti 9, ẹsẹ 10 ní a dá wa nínú Kristi fún iṣẹ́ rere.

Bàbá Fàájì

Ó ṣeun, Akọrin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ ká máa kọ́ wọn.

Aláṣọ Balógun

Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ka Sáàmù 130 fún un lánàá lẹ́yìn tí a jẹun tán. Ó sunkún. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kí n wá jókòó tẹtẹrẹ ni?" Mo ní rárá. Mo sọ ti Èlíjà fún un, ó kọ́kọ́ jiyàn, ó wá lọ sùn.

Ohun tó kù ni ìwé yẹn. Ọkọ mi ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n jó o. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Onípáàtì Ládípò

Ẹ jó o, Ìyáà mi. Ohun tó bá ń fa ìpalára, kí a mú un kúrò.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Rárá o! Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fipá gbà á, ẹ ti fi òfin mìíràn rọ́pò èyí tó wà nílẹ̀, á sì lọ ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, ẹ ní kó yí ohun tó ń kọ síbẹ̀ padà. Kó máa kọ ohun tí Olúwa ṣe fún un lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ẹsẹ Bíbélì tó tù ú nínú, àdúrà tó gbà. Kó máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbàdúrà fún náà. Ìwé kan náà ni, àmọ́ ojú rẹ̀ á kúrò lára ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má máa bi í léèrè lárààárọ̀ bóyá ó sùn àbí kò sùn. Ìyẹn náà á tún di àmì sísà.

Onípáàtì Ládípò

Ó dáa, mo gbà. Ìyá, ẹ ṣé.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un kí a tó tú ká. Ìbínú ni ìṣòro tèmi. Oníbàárà á wá, á ná ọjà fún wákàtí kan, á ní ayédèrú ni mo ń tà, inú mi á ru. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀ títí. Ẹ̀jẹ́ yẹn kì í kọjá ọ̀sán. Bí kì í bá ṣe agbára mi, kí ni kí n ṣe gan-an? Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, mo ń gbọ́ ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Olùkọ́ Èbúté-Mẹ́ta

Ọ̀rẹ́ mi, o jàre. Màá gbìyànjú láti sọ ọ́ kó ṣe é dì mú.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan wà, Augustine, tí a bí ní 354 ní ibi tó di Algeria lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ jà kó tó di Kristẹni, ó sì pẹ́ lẹ́nu ìjà náà. Ó ní àdúrà kan tó máa ń gbà: Olúwa, fún mi ní ohun tí o pa láṣẹ, kí o sì pa ohun tí o bá fẹ́ láṣẹ. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pelagius gbọ́ ọ, inú bí i. Ó ní bí Ọlọ́run bá ti pàṣẹ, ó ti fún ènìyàn lágbára láti ṣe é, kí ènìyàn yáa ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá nínú ìjọ, títí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà fi péjọ ní Carthage ní 418 tí wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Jòhánù 15:5 ni wọ́n dì mú: láìsí Kristi, a kò lè ṣe ohunkóhun. Jésù kò ní a ò lè ṣe púpọ̀.

Nítorí náà, má jẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀jẹ́ rẹ, ìlérí ìwọ fún Ọlọ́run ni, o sì mọ bí ìlérí rẹ ṣe lágbára tó. Kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, gba àdúrà Augustine yẹn, kí o sì dárúkọ ohun tí o fẹ́ kí ó fún ọ: sùúrù, Gálátíà 5:22 pè é ní èso Ẹ̀mí. Nígbà tí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, tí o mọ̀ ọ́n lára pé inú ti ń ru, gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkàn rẹ níbi tí o dúró sí, má dúró dìgbà tí o bá délé. Wá arákùnrin kan láàárín àwọn onípáàtì ẹlẹgbẹ́ rẹ tó mọ Olúwa, sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, kí ó máa bá ọ gbàdúrà. Ọjọ́ tí o bá tún bú ènìyàn, má sọ pé o tún ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Pe oníbàárà yẹn padà bí kò bá tíì jìnnà, tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, kí o sì tà á ní ọjà tó wá rà.